Wọ́n Pe Orúkọ Yín ní Káńsù

Ọjọ́bọ, Ihunbo

Bàbá Ṣadé mi, òní ló pé ọjọ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta tí ẹ ti fi mí sílẹ̀.

Mo lọ sí káńsù, níbi tí wọ́n ti ń ka ohun tí àdúgbò kọ̀ọ̀kan fẹ́ kí wọ́n fi sínú ètò ìnáwó. Ẹ ṣáà mọ àṣà wọn: bí ẹni tó kọ ìwé kò bá dáhùn, wọ́n á fo ìwé náà.

Wọ́n dé orí ìwé tí ẹ kọ kí ẹ tó lọ, orúkọ yín ni wọ́n pè. Mo fẹ́ dákẹ́, ṣùgbọ́n látìgbà tí ìjọba ti ti bọ́dà, tí wọn ò ta epo fún wa mọ́, ẹ̀rọ omi wa ò ṣiṣẹ́. Omi odò là ń mu. Mo dìde.

"Mo wà níbí!"

Akọ̀wé wò mí. "Ìyá, ṣé ẹ̀yin ni Làmídì?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

"Ọkọ mi ni. Wọ́n ti kú, sà, ṣùgbọ́n òùngbẹ ń gbẹ àwa tó kù."

Alága ní àwọn á yẹ ẹ̀rọ omi alọ́wọ́fà tí kò nílò epo, tí ẹ bèèrè, wò ní ìjókòó tó ń bọ̀, ó sì ní kí akọ̀wé fi orúkọ mi rọ́pò tiyín. Mo ní kí wọ́n fi tiyín sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàtà yín ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò tíì lè...

Títí omi yóò fi dé, èmi ni màá máa dáhùn sí orúkọ yín.