Ihò Abẹ́ Ẹsẹ̀ Oníjàkadì

Mùsílíù,

Mo ti lọ sọ́jà. Láàárọ̀ yìí ni mo ṣe eré wá-a-rí tí o kọ sílẹ̀ fún mi, láti ọ̀dọ̀ kìnnìún tí wọ́n yà sára ṣọ́ọ̀bù báábà, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn oníjàkadì tó wà lára ògiri réluwéè. O ní kí n tọwọ́ bọ ihò abẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìgbẹ́ ni, ó ṣì gbóná! Bébà tí mo fà yọ ń sọ pé: "Ẹ kú oríire, Àǹtí mi."

Gbogbo èrò tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin ló ń yàgbẹ́ síbẹ̀, o sì mọ̀. Ọ̀bùn ni ọ́.

Iyán rẹ wà lórí tábìlì. Ọwọ́ ara mi ni mo fi mọ ọ́n. N kò rántí mọ́ bóyá mo ti fọ̀ ọ́ nígbà yẹn.

Ràfátù