Mi Ò Di Ẹ̀wù Yín Mú

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń la èrò kọjá,

Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò mọ̀wé, ọmọ-ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ èyí ní Mamobi níbí, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára aago. Lọ́la ni yóò dúró níwájú àwọn olùkọ́ àgbà ní yunifásítì. Bí wọn ò bá gba iṣẹ́ rẹ̀, ọdún mẹ́rin ti ṣòfò nìyẹn.

Iṣẹ́ náà nìyí. Wáyà máa ń gbóná torí pé àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ohun tíntìntín tó ń gbé iná, ń kọlu nǹkan lọ́nà. Ṣùgbọ́n tí àwọn irin kan bá tutù gan-an, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á máa rìn ní méjì-méjì, ohunkóhun ò ní dí wọn lọ́wọ́. Àwọn horo irin, ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di irin, tó tò bí ìsọ̀ ọjà, ló ń fà á. Wọ́n ń gbọ̀n. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù èkíní á kọjá, àwọn horo á sún kúrò láyè wọn díẹ̀, ìyẹn á sì fa èkejì tọ ojú ọ̀nà kan náà.

Mo ní, ṣé kì í ṣe ọjà Makola nìyẹn? Kayayó, ọmọbìnrin alábàárù, ru ẹrù kọjá, èrò yà fún un, ẹlòmíì tẹ̀lé e kí àyè tó dí. Ọmọ yìí rẹ́rìn-ín, ó fi sínú ìwé rẹ̀. Mo bá fi tiwa kún un: ọjọ́ tí ìjọba ní kí àwa Aláta, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, máa padà sílé, tí ibùdókọ̀ kún fọ́fọ́, tí ẹ ru ẹ̀rọ ìránṣọ yín, tí mo di etí ẹ̀wù yín mú títí a fi dé ìdí lọ́rì.

Ṣùgbọ́n ohun tí òun ń yẹ̀ wò kì í ṣe irin. Ó dúdú bí àpáàdì, òun fúnra rẹ̀ ló sun ún nínú ààrò. Lórí irú èyí, àwọn àgbà ò fẹnu kò. Ọ̀kan nínú àwọn tí yóò bi í léèrè lọ́la gbà pé gbígbọ̀n àwọn horo ò lọ́wọ́ sí i rárá. Ọmọ yìí fi horo tó wúwo díẹ̀ rọ́pò èyí tó fúyẹ́, ìwọ̀n òtútù tí ìrìn méjì-méjì náà fi ń bẹ̀rẹ̀ sì yí padà díẹ̀. Èrò tó wúwo kì í tètè yà. Bí èrò ò bá lọ́wọ́ sí i, kí ló yí i padà? Ẹ̀yin náà mọ ojú tí wọ́n fi ń wo ọmọ tó bá sọ fún àgbà pé ó ṣìnà.

Ní ọ̀sán yìí ó ń ka ìwé rẹ̀ sókè, ó dé ibi tó le. Báwo ni èkejì ṣe ń tẹ̀lé èkíní nígbà tí wọn ò fara kanra, tí èkíní tiẹ̀ ti jìnnà? Ó ní ìtàn mi ò wúlò níbẹ̀, torí èmi dì yín mú.

Bàbá, mi ò dì yín mú. Bàtà mi já, mo bẹ̀rẹ̀ láti mú un. Nígbà tí mo gbójú sókè, mi ò rí yín mọ́, mi ò rí ẹ̀rọ lórí yín. Mo tọ̀ sára. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ gbà, àwọn èèyàn ò tíì padà sáyè wọn. Ibẹ̀ ni mo gbà títí mo fi já sí ẹ̀yìn yín. Kí ẹ tó bojú wẹ̀yìn, mo ti di ẹ̀wù mú padà. Nígbà tí a tún padà wá síbí, títí ẹ fi kú lẹ fi ń yangàn fún gbogbo Sabon Zongo, àdúgbò wa, pé ọmọ yín ò jáwọ́. Àbí ẹ mọ̀? Ṣé ẹ ò mọ̀ ọ́n lára pé ẹ̀wù yín fúyẹ́?

Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tí o dáwọ́ dúró? Kọ ọ́. Mo purọ́ fún ìwọ náà. Lọ pa ti ẹ̀wù rẹ́, kí o kọ ti bàtà sí i.

Bàbá, ó ti fẹ́ dìde lọ tún ìwé rẹ̀ ṣe. Kò bá mi wí. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ẹ bá mi ṣáájú rẹ̀ wọlé lọ́la. Kò dìgbà tó bá dì yín mú.

Èmi ni, ọmọ yín tó jáwọ́, tó sì dé.