Kọ̀ǹpútà Tí A Kò Dúró Dè Mọ́

                                                  Ilé Bàbá Àgíríìkì,
                                                  Ìrókò, Ọ̀nà Ọ̀yọ́,
                                                  Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                                  14 Oṣù Kẹsàn-án, 1992.

Mùjíbátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé ara wọn le? Àwọn ìbejì fúnra wọn ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ilé kéú. A kú orí ire. Ìyá ọkọ rẹ tí ẹsẹ̀ ń dùn, ṣé wọ́n ti ń rìn dáadáa? Tiwa náà ń lọ, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bí o bá ní mo ti pa ọ́ tì láti ìgbà iléyá, o jàre, ṣùgbọ́n ka ìwé yìí tán kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Má sì jẹ́ kí bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe rí gàdàgbàgadagba yà ọ́ lẹ́nu. Mo mọ̀ pé ojú rẹ kò fọ́. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀.

O mọ ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi ní Mọ́níyà. O sì mọ ìwé tí Bàbá mi ń kọ lórí iṣu láti ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba. Ohun kan ṣoṣo tí Bàbá ń fẹ́ ni kí wọ́n rí i ní títẹ̀, kí wọ́n sì fi ojú ara wọn kà á. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi ń tẹ̀ sì kéré bí èèrà, Bàbá sì ti ń ráhùn ojú. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi, Bùrọ̀dá Múyìwá, tí wọ́n wà ní ilé iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn, sọ fún mi ní oṣù kẹrin pé ọ̀gá àwọn fẹ́ ta kọ̀ǹpútà kékeré kan, tí ojú rẹ̀ àti ọpọlọ rẹ̀ wà nínú àpótí kan náà, tó sì lè tẹ ọ̀rọ̀ tóbi bí a bá ṣe fẹ́, ṣe ni mo fò sókè.

Àfi bí Bùrọ̀dá ṣe tún da omi tútù sí i. Wọ́n ní àwọn kà á nínú ìwé ìròyìn pé irú rẹ̀ tuntun ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, pé kò ní tóbi ju èyí lọ ṣùgbọ́n yóò yára jù ú, pé ẹni tó bá ra ti àtijọ́ yóò kábàámọ̀. Sùúrù ni baba ìwà. O kúkú mọ̀ wọ́n. Láti ọdún 1986 ni ilé tí wọ́n kọ́ sí Akínyẹlé kò ti ní fèrèsé, páànù ni wọ́n fi dí i, torí pé gíláàsì tó dára jù ń bọ̀ lọ́nà! Èmi náà ò wá mọ èyí tí n bá ṣe. Bí mo bá jí, màá ní n ó rà á. Tó bá di ọ̀sán, màá ní n ó dúró. A bi Bàbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò sí ìkánjú, iṣu inú ìwé kì í jẹrà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dúró fún oṣù mẹ́ta.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan lóṣù keje, gbogbo wa péjọ síbí fún àdúrà òwúrọ̀. Ní ilé wa, ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ni olúkálukú ń kà. Sáàmù la kà lọ́jọ́ náà. Ó kan Bàbá, wọ́n ka tiwọn láì kọsẹ̀, wọ́n tún fi ìka kan itọ́ láti ṣí ojú ìwé. Mo gbójú sókè. Mùjíbátù, ìwé orin ló wà lọ́wọ́ Bàbá! Òun àti Bíbélì jọ ní èèpo dúdú, wọn ò mọ èyí tí wọ́n mú. Orí ni wọ́n ti ń ka Sáàmù fún wa látọjọ́ yìí. Mo wo Bùrọ̀dá, Bùrọ̀dá wò mí.

Lẹ́yìn àdúrà mo rọra bi wọ́n. Wọ́n ní láti ìgbà ọyẹ́ ni ojú àwọn ti ń ṣú, pé dókítà ojú ti sọ pé ìwọ̀nba tó kù kò ní pẹ́ lọ, pé àwọn kò kàn fẹ́ kán wa lójú ni. Ojú tì mí. Ojú lọba ara, àwa sì jókòó, à ń retí ẹ̀rọ tó yára!

Bùrọ̀dá ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́ dáadáa, wọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá wọn. Ìgbà tó fi máa di ọ̀sán, kọ̀ǹpútà ti dé ṣọ́ọ̀bù mi, agbádá tí wọ́n fi gbéyàwó ni wọ́n sì fi wé e kí eruku má baà kàn án. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi tẹ ìwé Bàbá, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tóbi bí èkùrọ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, a gbé e wá fún wọn. Wọ́n jókòó sójú oòrùn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Inú mi kò balẹ̀. Àwọn ló kúkú kọ ọ́. Ta ló mọ̀ bóyá orí náà ni wọ́n tún ti ń kà á? Lójú ewé kẹta, wọ́n dákẹ́, wọ́n lejú mọ́ mi.

“Tiwaladé, mo kọ ọ́ síbí pé kí wọ́n má kó iṣu tó gbọgbẹ́ mọ́ iṣu tó dá ṣáká. O ti fò ó!”

Mo wò ó. Lóòótọ́ ni, mo fò ó! Ẹni tó ń kà á láti orí kò lè rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ò tíì bá mi wí rí kí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀. Bùrọ̀dá ti bọ́ sójú agbo, wọ́n ń jó láìsí ìlù. Kọ̀ǹpútà tuntun wọn kò tíì dé o, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fi fèrèsé sílé.

Bá mi kí bàbá àwọn ìbejì, bá mi gbé àwọn ìbejì mọ́ra, kí o sì kúnlẹ̀ kí Ìyá fún mi. Ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí tóbi nítorí pé Bàbá ní kò sí lẹ́tà tó máa kúrò nílé yìí mọ́ tí àwọn kò ní kọ́kọ́ kà. Wọ́n sì ti ń gba bírò lọ́wọ́ mi.

                                                  Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi,
                                                  Tiwaladé.

Mùjíbátù ọmọ mi, mo ti kà á láti òkè délẹ̀. Ó tún ti fo nǹkan kan: nígbà tí mo bá a wí, ẹkún ló bú sí. Bàbá rẹ ní Ìrókò ni.