Ẹ̀jẹ̀ Fúnmi Kò Sọ Nǹkan Kan

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú Bàámi. Ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n mi Bísí àti àwọn ọmọ wọn tó máa ń jókòó jẹ́ẹ́. Òjò kò jẹ́ ká gbádùn ní Olówógbowó níbí, omi ti wọ àgbàlá wa. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì àti òwú ìránṣọ tí mò ń tà ní Jankara ṣì ń tà díẹ̀díẹ̀.

Mo rí lẹ́tà yín. Ẹ ní kí n fi Fúnmi ránṣẹ́ sílé kí Ẹ̀gbọ́n mi lè bá mi tọ́ ọ, torí àwọn tó ń ti Èkó bọ̀ ń sọ fún yín pé àbíìkọ́ ni. Màámi, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dọ́kàn. Bí wọ́n bá pè é ní àkọ́ọ̀gbà, á jẹ́ pé wọ́n gbà pé mo kọ́ ọ, òun ni kò gbà. Àbíìkọ́ yìí, èmi ni wọ́n fi ń bú.

Òótọ́ ni pé ara ọmọ náà kì í balẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó da gbogbo bọ́tìnnì mi pọ̀ kí n tó ṣẹ́jú. Tíṣà rẹ̀ ní kì í parí iṣẹ́ kan kó tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ẹ̀kọ́ wo ni n kò kọ́ ọ?

Èmi àti Ìyá Ramọ́tà la jọ ń gbé ojúlé kan náà. Fòníkú-fọ̀ladìde ló ń ṣe Ramọ́tà. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ẹ̀jẹ̀ sọ̀rọ̀, ó parí. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń bú ìyá rẹ̀. Ṣe ni wọ́n ń bá a pọnmi, tí wọ́n ń bá a gbàdúrà. Ẹ má bínú sí mi, Màámi, mò ń jowú rẹ̀. Egungun á máa ro ọmọ rẹ̀, á máa ké, èmi á sì máa jowú ìyá rẹ̀ nínú yàrá mi.

Ni mo bá mú Fúnmi lọ sí ọsibítù. Mo bẹ dókítà kó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kó bá mi wá àmì àìfarabalẹ̀ níbẹ̀. Ó ní àwọn onímọ̀ ń wá irú àmì bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, nínú ẹ̀jẹ̀, nínú ìtọ̀, nínú àwòrán ọpọlọ, ṣùgbọ́n wọn ò tíì rí èyí tí wọ́n lè fi dá ọmọ kan mọ̀. Ó ní ohun tó ń ṣe é wà o, kì í ṣe àìkọ́. Wọ́n á máa béèrè lọ́wọ́ ìyá àti tíṣà, wọ́n á sì máa wo ọmọ náà nílé àti nílé ìwé, kó tó dá wọn lójú. Ó ṣáà gba ẹ̀jẹ̀ náà nítorí ẹ̀bẹ̀ mi. Èsì dé: ẹ̀jẹ̀ Fúnmi dára, AA ni. Mo bú sẹ́kún, torí ẹ̀jẹ̀ náà kò sọ ohun tí mo fẹ́ kó sọ.

Ìyá Ramọ́tà ló kọ́kọ́ bá mi yọ̀. Ó ní Alihamudulilahi, ó gbé Fúnmi sókè, ó ní òun ìbá fi gbogbo ohun tí òun ní gba irú èsì yẹn. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n owú náà ò tán.

Fúnmi ò ní wá, Màámi. Bó bá jẹ́ wíwò ni àyẹ̀wò, ta ló ń wò ó tó mi? Èmi ni mo rí i pé bí mo bá ní kó máa sín bọ́tìnnì sójú òwú, ó ń jókòó, kódà ó ń kọrin. Ẹ̀rù tó sì ń bà mí jù ni pé kó lọ farabalẹ̀ lọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n mi, kí gbogbo yín wá ní ẹ ò rí i bí, ìyá rẹ̀ ni kò kọ́ ọ.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí ẹ wá fojú ara yín wò ó. Ẹ kí gbogbo ilé. Ẹ sọ fún wọn pé ìyá tó bí i ṣì ń kọ́ ọ.

Èmi ni ọmọ yín,
Ìyá Fúnmi