Ìbéèrè Tí Wọ́n Bi Mí Lójú Fèrèsé

Yàrá Kẹta,
Ilé tó kọjú sí ilé ìfọṣọ,
Òpópónà Ilé-Ìwé.
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹsàn-án.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Ilé Ìwòsàn,
Òpópónà Ọgbà.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ MÁA BI OBÌNRIN LÉÈRÈ ÀÌSÀN RẸ̀ NÍ KỌ̀RỌ̀ KÍ Ẹ TÓ FÚN UN NÍ OÒGÙN ÌFÈTÒSỌ́MỌBÍBÍ

1. Ẹ má bínú pé nọ́ńbà káàdì ni mo kọ sísàlẹ̀ dípò orúkọ. Ẹ óò rí ìdí rẹ̀. Kíláàsì márùn-ún péré ni mo kà, ẹ bá mi fojú fo àṣìṣe.

2. Oṣù mẹ́fà nìyí tí mo dé ilé ọkọ. Aṣọ ni mò ń lọ̀ ní ilé ìfọṣọ. Káfíńtà ni ọkọ mi. Láti kékeré ni mo ti ní wárápá, òun ló sì mú mi kúrò nílé ìwé. Ọkọ mi mọ̀ kó tó fẹ́ mi. Ó ní ẹni tó bá ṣubú, ṣe là á gbé e dìde. Àwọn ẹbí rẹ̀ ni kò mọ̀. Oògùn tí mò ń lò kò jẹ́ kó gbé mi mọ́ láti ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n dókítà tó ń fún mi ní ilé ìwòsàn mìíràn kìlọ̀ pé ó lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá, pé kí n má tíì lóyún títí òun yóò fi rọra pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n lọ ṣe ìfètòsọ́mọbíbí.

3. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá sọ́dọ̀ yín ní ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹfà. Ojú fèrèsé gíláàsì ni wọ́n ti ń fúnni lóògùn. Ihò ara rẹ̀ kò ju ẹnu ife lọ: nọ́ọ̀sì á pariwo, èèyàn á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi ihò náà kó tó dáhùn. Bẹ́ǹṣì wà lẹ́yìn mi gan-an. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí mò ń pè ní Eyínmẹ́nugún, jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tó gbé wá gba abẹ́rẹ́.

4. Nọ́ọ̀sì ní, "Ìyàwó, ṣé àìsàn kankan ń ṣe ọ́? Ṣé o ń lo oògùn mìíràn?" Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fẹnu sún mọ́ ihò náà. Ìyá kan lẹ́yìn mi ní, "Ìyàwó ojú-ń-tì-mí, sọ ọ́ sókè, a ò gbọ́!" Gbogbo bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín, títí kan Eyínmẹ́nugún. Mo ní, "Rárá." Irọ́ ni mo pa. Mo jẹ́wọ́ rẹ̀.

5. N kò fi ẹjọ́ nọ́ọ̀sì náà sùn. Ó ṣàlàyé dáadáa pé èròjà tó ń dènà oyún tí wọ́n ń pè ní projẹ́stojẹ́nì nìkan ló wà nínú oògùn náà, pé aago kan náà ni kí n máa lò ó lójoojúmọ́, pé bí páálí kan bá tán, kí n bẹ̀rẹ̀ òmíràn lọ́jọ́ kejì láìsinmi. Bí agogo ilé ìfọṣọ bá ti lu méje àárọ̀, oògùn mi ti dé ẹnu. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, n kò fo ọjọ́ kan. Mo tiẹ̀ ń yin ara mi.

6. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ gba oògùn wárápá lọ́wọ́ ìyá apòògùn kan. Bí mo ṣe ṣí báàgì, ó rí páálí oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tí ẹ fún mi. Kò sọ nǹkan kan lójú èrò. Ó mú mi wọ yàrá ẹrù, ó ti ìlẹ̀kùn, ó wá rọra ní, "Ọmọ mi, ṣé wọ́n mọ̀ pé ò ń lo méjèèjì pọ̀?" Ìṣẹ́jú kan kò pé tí mo fi sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní oògùn wárápá mi ń mú kí ara tètè lo èkejì tán, tí kò fi ní lágbára láti dènà oyún mọ́. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni mo ti ń pọn omi sínú apẹ̀rẹ̀! Ó kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ dá oògùn wárápá dúró fúnra mi, pé kí ọkọ mi máa lo rọ́bà, kí n sì padà sọ́dọ̀ yín fún ọ̀nà mìíràn. A yẹ ìtọ̀ mi wò. Kò sí oyún. Ó ní kí n tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

7. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: kí n tó rí ọ̀nà mìíràn gbà, mo gbọ́dọ̀ padà sójú fèrèsé kan náà, níwájú bẹ́ǹṣì kan náà. Kì í sì í ṣe èmi nìkan. Ìyá apòògùn ní àwọn oògùn ikọ́ fée kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò pariwo ikọ́ fée gba inú ihò gíláàsì?

8. Yàrá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé náà, níbi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí. Ó ní férémù, kò ní ìlẹ̀kùn. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì máa bi wá léèrè níbẹ̀, kó sì máa sọ ìdí tó fi ń béèrè. Ká ní mo mọ ìdí ni, n kì bá tí purọ́. Ọkọ mi ní bí ẹ bá yọ̀ǹda, òun á kan ìlẹ̀kùn náà lọ́fẹ̀ẹ́.

9. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù yìí ni mò ń padà bọ̀. A fẹ́ ọmọ, ẹ̀yin ọ̀gá mi. A tiẹ̀ ti ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe àwàdà. Àsìkò tí ara mi bá lè gbà á láìséwu ni a fẹ́ kó dé. Bí ìlẹ̀kùn náà bá wà kí ọjọ́ yẹn tó pé, ẹ jẹ́ kí n jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò tì í, kí n lè dáhùn ìbéèrè yẹn bó ṣe yẹ kí n ti dáhùn rẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dópin.

Èmi ni ọmọ yín tí ń retí èsì,
Káàdì 417,
Ìyàwó Káfíńtà.