Èédú Kì í Ṣe Ẹbí Ẹnikẹ́ni

Wúràọlá ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣírò, torí owó ni kì í jẹ́ kí n sùn, kì í ṣe àárò rẹ. ₦60,000 tí o fi ránṣẹ́ pé kí n fi tún ibi tí ẹ gbẹ́ nínú oko ṣe, báyìí ni mo ṣe ná an. Ọmọ tó ń ṣe POS ní Oǹdó yọ ₦600 kó tó kó owó náà lé mi lọ́wọ́. Ọ̀kadà lọ, ọ̀kadà bọ̀, ₦3,000. Ọkùnrin mẹ́rin tó da yẹ̀pẹ̀ padà sínú kòtò yín, ₦6,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦24,000. Ìrẹsì àti ẹja tí wọ́n jẹ, torí wọ́n ní àwọn kò lè fi ebi dí kòtò, ₦4,400. Ewúrẹ́ Silas tó já sínú kòtò náà kí a tó dí i, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ₦15,000. Ọtí àti obì tí mo gbé lọ síwájú Ọlọ́jà, olórí abúlé wa, ₦8,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦55,000. Ó ku ₦5,000 lọ́wọ́ mi, mo fi bébà wé e, ó wà nínú Bíbélì mi, nínú ìwé Númérì.

Ó dára. Báwo ni Ọ̀bà-Ilé? Ṣé òrùlé yàrá tí o háyà kò jò mọ́? Ọlọ́run tó pa Dáníẹ́lì mọ́ nínú ihò kìnnìún yóò pa ìwọ náà mọ́ nínú gbogbo kòtò tí o bá ń kó wọ̀, nítorí èmi kò mọ ọmọ ẹlòmíràn tó ń san owó iléèwé kó lè máa sọ̀kalẹ̀ sínú ihò. Ara mi le, àfi orúnkún. Mo sọ ti orúnkún náà fún Dókítà Adébùsóyè, olùkọ́ yín, lọ́jọ́ tí ẹ wá. Mo ká ìró sókè kí ó lè rí i dáadáa, ó ní òun kì í ṣe dókítà ènìyàn, ti òkúta ni òun. N kò tíì rí òkúta tó ń ṣàìsàn rí, ṣùgbọ́n mo dákẹ́ torí ìwọ ń ṣẹ́jú sí mi.

Lẹ́tà ni mo kọ nítorí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ ju káàdì ₦200 lọ. Nígbà tí mo pè ọ́ lọ́jọ́sí, kí n tó béèrè bóyá o ti jẹun, obìnrin kan já lu ọ̀rọ̀ wa, ó ní owó mi ti tán. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ọmọ mi ni mo ń bá sọ̀rọ̀, kó fún wa ní ìṣẹ́jú kan péré. Kò tilẹ̀ dá mi lóhùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí: kòtò yín ti di ẹjọ́.

Ìwọ náà rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. O ní ìwọ àti àwọn ará yunifásítì yín ń wá ojú ẹsẹ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ àtijọ́, èyí tó ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀wé tí yóò fi kọ ọ́ sílẹ̀, àti pé ibi tí ilẹ̀ ti sán láyé ìgbà náà gba inú oko kòkó bàbá rẹ kọjá, lójú ọ̀nà Òkè-Igbó. Mo ní ilẹ̀ tó mì tí a kò mọ̀, kí la fẹ́ fi ṣe é? Gbèsè tí olówó rẹ̀ ti gbàgbé, a kì í lọ jí i lójú oorun. O ní ilẹ̀ tó bá ti mì rí lè tún mì, ẹni tó bá mọ iye ọdún tó máa ń wà láàárín ni yóò mọ irú ilé tó yẹ kí á kọ́. Mo gbà. Mo fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yín, níbi tí ẹ kọ ọ́ sí pé ₦15,000 ni ẹ ó san lórí igi kòkó kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá hú. Mẹ́fà ni ẹ hú. Fọ́ọ̀mù náà béèrè ímeèlì mi, mo kọ nọ́mbà àpótí lẹ́tà ti ṣọ́ọ̀ṣì wa sí i, mo sì ń lọ wo àpótí náà ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Wọn kò tíì fi owó kankan síbẹ̀.

Ẹ gbẹ́ kòtò tó gùn ní mítà méjìlá, tó jìn ju ènìyàn lọ, ẹ wá ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ògiri rẹ̀. Èmi tí mo ti ń gbálẹ̀ láti kékeré, n kò rí ẹni tó gbá ara yẹ̀pẹ̀ títí yóò fi mọ́ rí. Ẹ kan ìṣó mọ́ ọn, ẹ na okùn sí i, bíi pé ẹ fẹ́ fi fọ́tò ìgbéyàwó kọ́. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́: nígbà tí o pè mí sọ̀kalẹ̀ wá wò ó, mo rí i. Ìpele òkúta funfun kan ń bọ̀ láti apá oko Silas, ó tọ́ bí ìlà tí a fi rúlà fà. Nígbà tó dé àárín, ó já bọ́ sísàlẹ̀ ní ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan, ó wá ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ ní apá tiwa bí ẹni tó ṣi ẹsẹ̀ gbé lórí àtẹ̀gùn. O ní ìpele kan náà ni tẹ́lẹ̀, ìmìtìtì ilẹ̀ ló já a sí méjì. O ní èédú wẹ́wẹ́ tó wà níbi tó sán náà já sínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ilẹ̀ mì, àti pé bí a bá fi ránṣẹ́ sí àwọn òyìnbó kan, wọ́n á sọ iye ọdún tí igi rẹ̀ ti kú, ìyẹn ni ẹ ó fi mọ ìgbà tí ilẹ̀ mì. O jágbe mọ́ Kìtán, ọmọ kíláàsì yín, pé kó má fi ọwọ́ lásán kan èédú náà. Ẹ fi bébà fàdákà tí wọ́n fi ń bo ẹran wé e ní ìdì mẹ́rin, ẹ ní kí n bá yín tọ́jú rẹ̀ títí owó yóò fi pé.

Owó yẹn gan-an ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Odidi àpò èédú kan ní Oǹdó kò ju ₦9,000 lọ, kò sì sẹ́ni tó ń bi í léèrè ọjọ́ orí. Ẹ̀yin fẹ́ san owó tó lè ra ọgọ́ta àpò lórí ìdì kan ṣoṣo. O ní yunifásítì ti san èyí tó pọ̀ jù, ó ku ₦80,000, kí n ràn ọ́ lọ́wọ́. Mo kọ̀. O tún bẹ̀ mí, mo tún kọ̀.

Ṣùgbọ́n Silas wà létí kòtò lọ́jọ́ náà, Silas tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, tí ẹ̀yin fúnra yín gbà síṣẹ́ kó máa pọnmi fún yín. Etígbọ̀ọ́ rẹ̀ ni Dókítà ti sọ ọ́ pé kì í ṣe pé ilẹ̀ náà já bọ́ nìkan, ó tún rìn sí ẹ̀gbẹ́ bíi mítà mẹ́ta. Silas gbé kẹ́ẹ̀gì omi sílẹ̀. Ó ní ilẹ̀ ta ló rìn. Dókítà ní ti apá ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni, ìhà ibí ló rìn wá. Ògiri ló kọjú sí, ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ pé òun ti pín ogún ẹlòmíràn.

Láti ọjọ́ náà ni Silas ti ń wọn ilẹ̀. Mítà mẹ́ta jẹ́ ìlà kòkó kan gééré, torí mítà mẹ́ta ni bàbá rẹ fi sáàárín igi àti igi. Igi mẹ́rìnlélógún ló wà lórí ìlà tó bá a pààlà, ìwọ náà mọ̀ wọ́n, àwọn ni wọ́n rán ọ lọ sí yunifásítì. Silas ní ilẹ̀ òun ló rìn wọ oko wa, kí n dá ilẹ̀ òun padà tòun ti kòkó tó wà lórí rẹ̀. Mo ní bí ewúrẹ́ rẹ̀ bá rìn wọ oko mi, òun ló máa ń bẹ̀ mí. Báwo ni ilẹ̀ rẹ̀ yóò ṣe rìn wọ oko mi tí èmi yóò jẹ̀bi? Ó ní ewúrẹ́ ní ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dé iwájú Ọlọ́jà. Mo ṣàlàyé pé bàbá bàbá rẹ àti bàbá Silas ni wọ́n jọ gbin pèrègún sí ààlà, tí wọ́n sì jọ mu ọtí lé e lórí. Bí ilẹ̀ bá ti rìn kí wọ́n tó gbìn ín, orí ilẹ̀ tó ti rìn tán ni wọ́n gbìn ín sí, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Silas ní bó bá jẹ́ ẹ̀yìn tí wọ́n gbin pèrègún tán ló rìn ńkọ́? Mo ní ta ló rí i? Ó ní òru ló rìn. Ọlọ́jà bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé òru ni. Ó ní bó bá jẹ́ ọ̀sán ni, àwọn bàbá àwọn ìbá ti rí i. Wúràọlá, àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ mi orí bíi pé ó sọ òótọ́.

Mo ní ọmọ mi tó ń kàwé ní Àkúrẹ́ sọ pé yóò ti tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Silas ní ẹnu ọmọ àti ẹnu ìyá, ọ̀fun kan náà ló gbé méjèèjì. Ìgbà náà ni Ọlọ́jà béèrè pé èédú tí wọ́n ní ó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ yẹn ńkọ́, ta ló tan mọ́. A ní kò tan mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, ó ní:

“Èédú kì í ṣe ẹbí ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí èédú wá jẹ́rìí.”

Bó ṣe dá a nìyí. Ọgọ́rin ọdún ni pèrègún wa, gbogbo àgbà gbà bẹ́ẹ̀. Bí òyìnbó bá sọ pé èédú náà dàgbà ju pèrègún lọ, Silas yóò panu dé títí ayé. Bó bá kéré sí pèrègún, ìlà kòkó kan, igi mẹ́rìnlélógún, di ti Silas. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀ ni ìwé òyìnbó gbọ́dọ̀ dé. Àwa méjèèjì fọwọ́ sí i.

Báyìí ni èmi tó kọ owó èédú lẹ́ẹ̀mejì ṣe di ẹni tó ń sáré owó èédú. Mo kó ₦80,000 jáde nínú owó kòkó, mo gbé e lọ bá ọmọ POS yẹn ní Oǹdó. Ó kà á, ó jù ú sínú dúrọ́à, ó ní bí òun bá ti tẹ ẹ̀rọ báyìí, owó náà ti dé Àkúrẹ́. Mo ní dúró ná. Owó tí mo ń wò nínú dúrọ́à rẹ, ẹsẹ̀ wo ni yóò fi dé Àkúrẹ́? Ilẹ̀ tó ń rìn ti tó mi, n kò wá owó tó ń rìn kún un. Mo gba owó mi. Ó wà nínú àpò gàrí tí Táíyé awakọ̀ ń gbé bọ̀, nísàlẹ̀ pátápátá, nínú ọ̀rá méjì. Má da gàrí náà níṣojú ènìyàn.

Àwọn ìdì èédú náà wà nínú àpò kan náà. Nígbà tí mo ṣí wọn wò kí n tó dì wọ́n, ojú tì mí. Ṣé eléyìí ni ẹ fẹ́ gbé fún òyìnbó ní irú iye owó yẹn? Kò kún ìdérí ìgò. Ta ló máa ń gbé ẹ̀kúnwọ́ ata kan lọ sílé ẹ̀rọ? Iye tí ẹlẹ́rọ ń gbà lórí ẹ̀kúnwọ́ ló ń gbà lórí abọ́, ìdí nìyẹn tí ọlọ́gbọ́n fi ń bu nǹkan kún un. A sì ti dí kòtò, kò síbi tí a ti lè tún wa òmíràn. Mo bá mú nínú àpò èédú tí mo rà lọ́sẹ̀ tó kọjá, èédú gidi, èyí tó le, tó ń dún bí irin, mo fọ́ ọ wẹ́wẹ́, mo bù ú kún ìdì kìíní, ìkejì àti ìkẹta, mo sì mì wọ́n pọ̀ dáadáa kí ó lè dọ́gba. N kò fi ọwọ́ kàn án, gẹ́gẹ́ bí o ti pa á láṣẹ; ṣíbí ni mo lò. Ìdì kọ̀ọ̀kan ti wá kún agolo tòmátò kékeré báyìí, ó ṣeé gbé fún ènìyàn. Silas dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò mí, ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ti ń bà á.

Bí o bá ráyè, ya Alágbàká, lọ́dọ̀ àwọn ìjọba, kí o béèrè bóyá wọ́n lè fún wa ní ìwé tó fi hàn pé láti òní lọ, ilẹ̀ wa kò gbọdọ̀ rìn mọ́, kí wọ́n sì lù ú ní òǹtẹ̀. Sọ fún yunifásítì yín kí wọ́n san owó igi mẹ́fà tí wọ́n hú. ₦80,000 yìí náà, mo yá ọ ni, n kò fi ta ọ́ lọ́rẹ.

Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ kò ní yẹ̀ lábẹ́ rẹ. Iṣẹ́ tí o yàn láàyò yóò bọ́ ọ, yóò sì ṣẹ́kù fún ẹni tó rán ọ níwèé. Èédú tí a fi ránṣẹ́ yìí yóò sọ̀rọ̀ ire nípa wa lọ́hùn-ún, yóò sì sọ ọ́ kí òjò tó dé. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Oyèbọ́lá Ọlátúnjí

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Ìdì kẹrin, èyí tí o kọ ọ́ sí lára pé ìdí ibi tó sán gan-an ni ẹ ti mú un, Kìtán ti fi sẹ́lótéèpù dì í bí ẹni dí ẹlẹ́rìí lẹ́nu. Mo tú u títí, kò tú. Má bínú sí mi, bí ẹ ṣe dì í náà ló wà, n kò rí nǹkan kan bù kún un. Má fi ìyẹn ránṣẹ́ o, kò pọ̀ tó nǹkan, yóò dójú tì wá. Owó tí a ní kò sì ju ti ìdì kan lọ, kí o mú èyí tó kún jù.

Igi kòkó mẹ́fà, ₦90,000. Owó èédú tí mo yá ọ, ₦80,000. Ó di ₦170,000. Yọ ₦5,000 tó wà nínú Númérì. Ó ku ₦165,000 tí n kò tíì rí gbà.