Ọjọ́ Tí Mo Sá Fún Àna Mi Ní Olúmirin

                                        Agbo Ilé Lágúnjú,
                                        Ìrẹ́mọ,
                                        Ilé-Ifẹ̀.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹrin, ọdún 1956.

Láoyè, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ṣé ara màmá ti le? Ìbàdàn á gbè yín o. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ooru sì ti dín díẹ̀. Ó yẹ kí n ti máa pè ọ́ ní "ẹ̀yin" láti ìgbà tí mo ti ń fẹ́ àbúrò rẹ Mojíre, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ṣùgbọ́n ìtìjú tó wà lọ́rùn mi báyìí ti tó, má fi ìyẹn kún un.

Ọ̀rọ̀ Mojíre ni mo fẹ́ bá ọ sọ, ìwọ tí o ṣe alárinà wa. Ó ku díẹ̀ kí a ṣe ìdána, mo sì ti ba nǹkan jẹ́.

Lọ́jọ́ kejì Ọdún Àjíǹde, ẹ̀gbọ́n mi Ọlátúnbọ̀sún gba ọkọ̀ akẹ́rù kan, ó ní kí gbogbo ilé lọ wo omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, kí ooru lè fi wá sílẹ̀ fún ọjọ́ kan. Ìyàwó rẹ̀ di ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Àwọn ọmọ kọrin láti Ifẹ̀ dé Iléṣà títí dẹ́rẹ́bà fi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì òun. Láoyè, omi yẹn dára! Ó funfun, ó ń dà láti orí àpáta bí ìgbà tí ènìyàn ń da gààrí látinú àpò. Kí a tó dé ìdí rẹ̀, odò kékeré kan wà tó ń ṣàn láàárín òkúta. Ibẹ̀ ni èmi àti àwọn ọmọ ti bọ́ sómi. Mo bọ́ gbogbo aṣọ mi, ó ku àwọ̀tẹ́lẹ̀ nìkan, ìyẹn náà sì ti ya lẹ́yìn.

Bí mo ṣe gbójú sókè, bàbá Mojíre ni mo rí, àwọn àti àwọn àgbà ìjọ wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí wọ́n ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀. Mi ò mọ̀ pé ìjọ wọn náà ń bọ̀ lọ́jọ́ náà. Àna mi ni wọ́n. Mi ò lè kí wọn ní ìdúró. Bí mo bá sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó ya, lójú àwọn ìyá ìjọ, gbogbo Ìrẹ́mọ ni yóò gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Aṣọ mi wà lórí ẹ̀ka igi ní òdìkejì odò. Ni mo bá sá sẹ́yìn àpáta kan, mo lúgọ.

Bó bá mọ bẹ́ẹ̀, ǹ bá máa fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Bàbá ti rí mi. Mo gbọ́ tí wọ́n ń fi mí yangàn fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pé, "Ọkọ Mojíre mi nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó wá dì mí mú, òkúta yìí ń yọ̀." Wọ́n na ọwọ́, wọ́n ń dúró dè mí. Wọ́n pè mí lórúkọ. Mi ò dáhùn. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ẹsẹ̀ fúnra wọn, ẹsẹ̀ yọ̀, wọ́n sì fi orúnkún gbá òkúta. Ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí ló gbé wọn dìde. Wọn ò lè gòkè mọ́, inú ọkọ̀ ni wọ́n jókòó sí títí àwọn yòókù fi wo omi tán. Kí n tó wọ aṣọ tán, ojú ti tì mí jù láti lọ bá wọn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo lọ sílé wọn lẹ́yìn Ẹnuwá láti lọ bẹ̀bẹ̀. Bàbá na ẹsẹ̀ sórí àpótí, wọ́n ti fi òrí pa orúnkún tó wú. Mo dọ̀bálẹ̀. Kí n tó la ẹnu, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Adéagbo, mo rí ẹnì kan tó jọ ọ́ ní Ẹ̀rìn. Mo tilẹ̀ ń pè é. Nígbà tí kò dáhùn ni mo sọ fún wọn pé ojú ló tàn mí."

Mojíre gba ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu: "Bàbá, bó bá jẹ́ òun ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ì bá fi pọ̀n yín!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, wọ́n kọjú sí mi. Láoyè, mo ní, "Rárá o, Bàbá, èmi kọ́."

Wọ́n ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Mo jẹ ẹ́. Mojíre sì ń bu ẹran kún un fún mi.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, Bàbá ní àwọn máa sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi léjìká, wọ́n ń tiro. Nígbà tó ku àwa méjèèjì, wọ́n ní, "Bí o bá pàdé ẹni tó jọ ọ́ yẹn, sọ fún un pé inú kò bí mi. Ta ni kì í wẹ̀? Ọmọ mi ni mo ń rò. Lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ bá yọ̀, ṣé ẹni yẹn á kọ́kọ́ wá aṣọ wọ̀ ni?"

Láti ọjọ́ náà, mi ò lè sùn dáadáa.

Jọ̀ọ́, wá lọ́jọ́ Sátidé. Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì bá mi gbé ọmọ jó, ṣùgbọ́n má tíì sọ ohun tí o ń bọ̀ wá ṣe fún wọn. Mo fẹ́ kí o jókòó tì mí nígbà tí mo bá ń sọ ọ́ fún Mojíre, lójú gbogbo ará ilé wọn, pé èmi ni. Bó bá kọ̀ mí, ó kọ̀ mí náà nìyẹn. Mi ò fẹ́ kó wọlé mi, kó máa rò pé ọkùnrin tí ì bá pọn bàbá òun ni òun fẹ́.

                                        Ọ̀rẹ́ rẹ tí ojú ń tì,
                                        Adéagbo.